Kí Ọmọ Tó Pé Ọdún 18: Ọ̀rọ̀ Lórí Pépà àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka Ìbàdàn tí a ṣe ní Ring Road. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí àwọn gúrúùpù yòókù.)

    

Nígbà tí akọ̀wé pè mí, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́, torí pé iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe fún ọdún 35. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí gúrúùpù wa ní oṣù tó kọjá. Ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ òun gba admission ní yunifásítì kan ní England. Ọmọ náà ṣe dáadáa gan-an. Àmọ́ kò ní lè wọlé, torí pé iye tí àwọn àlejò ń san ni wọ́n ní kó san, wọn ò sì ní yá a lówó. Ẹ rí bí ariwo ṣe ta. Àwọn kan ní òyìnbó burú. Àwọn kan ní bàbá ọmọ ni kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí wọ́n dá ọmọ náà padà wálé kó wá ṣe JAMB. Mo ka gbogbo rẹ̀, mi ò fèsì. Mo ní màá dúró dìgbà tí a bá fojú rinjú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí: bí pépà tí ọmọ ní, tàbí tí kò ní, ṣe ń pinnu ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa dé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo kà nínú ìwé nìkan. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti jẹ́ ọmọ tí kò ní pépà rí.

Tamale, ọdún 1969

Ẹ̀yin àgbà inú wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Èjìgbò, Ọ̀ffà, Ìlọrin títí dé ìlú tiwa, ni wọ́n lọ ṣòwò ní Gold Coast. Bàbá mi ti wà ní Tamale kí n tó dáyé. Aṣọ ló ń tà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní pépà. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ibẹ̀ àti ibí wà. Ìgbà tí Gold Coast gba òmìnira ní 1957 tó di Ghana, tí àwa náà gba tiwa ní 1960, ni àwọn bàbá wa di àlejò nínú ìlú tí wọ́n ti ń gbé fún ogún ọdún. Wọn ò sì fura. Ọjà ń tà, ọmọ ń lọ sílé ìwé, kí ni wọ́n fẹ́ fi pépà ṣe?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia kéde pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò ní Ghana. Ọmọ ọdún 9 ni mí. Primary 4 ni mo wà. Tamale ni wọ́n bí mi sí, mi ò tíì dé Nàìjíríà rí. Nínú ilé, à ń sọ Yorùbá. Lóde, à ń sọ Dagbani. Ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa béèrè pé, "Àwọn wo ni ọmọ Lagos nínú yín?" Lagos ni wọ́n máa ń pe gbogbo wa nígbà náà. Èmi àti àwọn ọmọ mẹ́ta nawọ́. Kò bá wa jà. Ó ní kí a bá òun kí àwọn òbí wa. Ọjọ́ tí mo dé kíláàsì yẹn kẹ́yìn nìyẹn.

Lọ́rì ló kó wa dé ilé. Nígbà tí a dé, wọ́n mú mi lọ sí ilé-ìwé kan. Ọ̀gá ibẹ̀ gbé ìwé Yorùbá lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kà á. Mo gbọ́ Yorùbá, mo ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á. Ó tún béèrè ìwé tó fi hàn pé mo ti ka Primary 3. A ò mú un dání. Ta ló máa rántí ìwé ilé-ìwé nígbà tí wọ́n ń lé èèyàn? Ni wọ́n bá dá mi padà sí Primary 2. Mo sunkún títí.

Tèmi ṣì dára. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti wà ní Form 3. Gbogbo àwọn tó jẹ bàbá wa lówó ní Tamale, ibẹ̀ lowó ọ̀hún kú sí. Kò sí owó ilé-ìwé gírámà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ẹni tí mo mọ̀ pé orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Iṣẹ́ gidi ni, ó fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá mú ìwé ìròyìn lọ fún un, á kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Á wá wò mí, á ní, "Tíṣà, ó ku ọdún méjì péré nígbà yẹn." Títí tó fi kú, ọdún méjì yẹn ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àwa náà ṣe é

Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé Ghana nìkan ló ṣe é. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari, láti ẹnu mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní pépà kúrò ní Nàìjíríà. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí oṣù náà tó parí ni. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó lọ, àwọn ará Ghana ló sì pọ̀ jù. Ibẹ̀ la ti rí orúkọ Ghana Must Go tí a ń pe báàgì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Ọmọbìnrin kan wà ní Form 2 wa, ọmọ Ghana, bàbá rẹ̀ ń ṣe bàtà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, àga rẹ̀ ṣófo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, lójoojúmọ́ làwọn ọmọ ń dáhùn pé, "Ó ti lọ, ma." Lẹ́yìn náà, mo fa ìlà pupa sórí orúkọ náà. Èmi tí wọ́n lé kúrò ní Tamale, èmi náà ni mo fa ìlà.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé, tí ìjọba ibikíbi bá ń sọ̀rọ̀ pépà, àgbà ló wà lọ́kàn wọn: ẹni tó wá gba iṣẹ́, ẹni tó wá ṣòwò. Wọn kì í rántí ọmọ. Àwa òbí gan-an kì í rántí rẹ̀. Ọmọ ò sì mọ̀ nǹkan kan títí ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù á fi bi í.

Ilẹ̀kùn méjì

Ẹ jẹ́ ká dé England wàyí, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa pọ̀ sí jù. Ilẹ̀kùn méjì ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ tó bá ti tó ọjọ́ orí ilé-ìwé, yálà ó ní pépà tàbí kò ní, ilé-ìwé ìjọba á gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Àánú ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n òun náà ló ń tan àwọn òbí. Ọmọ ń wọ yúnifọ́ọ̀mù, ó ń gba ẹ̀bùn, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ onílẹ̀. Ìyá á ní ọmọ òun ti di ọmọ ibẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀kùn kejì wà ní ọdún 18, lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè pé, irú pépà wo lo ní? Ọmọ tí òfin kà sí ọmọ ilé, £9,535 ni owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26, ìjọba á sì yá a, á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá ríṣẹ́. Èyí tí òfin kà sí àlejò, iye tí yunifásítì bá fẹ́ ni wọ́n máa bù lé e. Ọ̀pọ̀ ló kọjá £20,000 lọ́dún kan, ìjọba ò sì ní yá a ní kọ́bọ̀. Ọmọ kan náà, kíláàsì kan náà, èsì kan náà.

Màá sọ ti ọmọ àbúrò mi obìnrin, mo sì ti gbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọdún 2006 ni ìyá rẹ̀ mú un lọ sí London, ọmọ ọdún 5 ni. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ìyá gbà. Nígbà tí físà tán, kò wálé. Ọmọ ò mọ̀. Nígbà tí kíláàsì rẹ̀ fẹ́ lọ wo ilẹ̀ Faransé, ìyá ní kò sówó. Ọmọ bínú sí ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó rò pé ahun ni. Kò mọ̀ pé tí òun bá jáde, òun lè má lè wọlé mọ́.

Òfin ti wà láti 2012 pé ọmọ tó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 7, tí kò bá bójú mu láti ní kó kúrò, lè béèrè fún stay. Ó ti pé ọdún 7 ní 2013, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ìyá pé tí òun bá fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n á wá kó àwọn. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní agent gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò fi ìwé kankan ránṣẹ́ síbikíbi. Ìgbà tí ọmọ pé 17, tó jókòó ti fọ́ọ̀mù yunifásítì, tó ní, "Mummy, wọ́n ń béèrè immigration status, kí ni kí n kọ?" ni ìyá tó bú sẹ́kún tó sọ òótọ́. Wọ́n wá lọ́yà gidi. Ọdún 2019 ni stay jáde. Gbogbo wa yọ̀, a ní ó bùṣe.

Kò tíì bùṣe. Òfin ní ọmọ gbọ́dọ̀ ti fi pépà gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko kí ìjọba tó yá a lówó ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́ta! Ó ń to ọjà sórí sẹ́ẹ̀fù ní súpámákẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi fọ́tò matriculation ránṣẹ́ sí i. Ní 2022 ló tó wọlé, ọmọ ọdún 21. Ó ti ṣe tán báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti ṣe é nígbà tó wà ní 12 ni, kò ní pàdánù ọjọ́ kan. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọdún méjì tiẹ̀, ọdún mẹ́ta tèyí.

Àwọn tó lọ sí kóòtù

Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni òfin tí mo sọ yìí fi wá. Ọmọ kan ló jà fún un. Orúkọ rẹ̀ ni Beaurish Tigere. Zambia ni wọ́n bí i sí, ó dé England ní 2001, ọmọ ọdún 6. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ àti ti ọmọ àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: físà akẹ́kọ̀ọ́ ti bàbá, físà tán, ìyá àti ọmọ dúró. Ó gba stay ní 2012, ó sì ríbi wọ Northumbria University ní 2013, ṣùgbọ́n wọn ò yá a lówó, wọ́n ní stay tó ní kì í ṣe ti ayérayé. Ó gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2015, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní kóòtù tó ga jù ní Britain dá a láre. Láti 2016 ni wọ́n ti yí òfin England padà: ọmọ ọdún 18 sókè tó bá ti gbé ibẹ̀ ní ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀, tó sì ti fi pépà gbé ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, lè yá owó náà bí stay rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ ti ayérayé.

Ọmọ kejì jẹ́ tiwa, ọmọ Nàìjíríà. Kóòtù ò dárúkọ rẹ̀ torí pé ọmọdé ni, O ni wọ́n ń pè é. England ni wọ́n bí i sí ní 2007, kò sì kúrò níbẹ̀ rí. Àwọn kan nínú wa ṣì rò pé ẹni tí wọ́n bá bí sí London ti di ọmọ London. Ó ti parí láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1983. Láti ìgbà náà, bí òbí kò bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí kó ní stay ayérayé nígbà tí wọ́n bí ọmọ, àlejò ni ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 láti ìgbà tí wọ́n bí i, ó ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kó sì di ọmọ onílẹ̀, ìyá rẹ̀ ì báà ní pépà, ì báà má ní.

O pé ọdún 10, ìyá rẹ̀ fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. £973 ni wọ́n ní kó san. Ó dá nìkan ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. £386 ló rí kó jọ, iye náà sì tó ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń ná lórí fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n ní àwọn ò gbà. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ní 2019 àti 2021, àwọn adájọ́ ní ìjọba kò ro ti ire ọmọ nígbà tí wọ́n ń gbé owó náà kalẹ̀. Ní 2022, kóòtù tó ga jù ní òfin ò kọ̀ fún ìjọba láti gba owó tó tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a pàdánù. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn kò já sí asán: láti oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá lágbára lè béèrè pé kí wọ́n yọ̀ǹda owó náà. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá mẹ́rin tí mo mọ̀ ní London, ẹnìkan péré ló ti gbọ́ ọ rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Ẹ̀yin tí ẹ jápa lọ láàárín 2021 sí 2023 pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Láti oṣù Kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ Master's lásán kò lè mú ọmọ dání mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti wọlé kó tó dìgbà náà. Ká ní ọmọ rẹ jẹ́ ọdún 14 nígbà tí ẹ dé ní 2022. Ó máa pé 18 ní 2026. Ọdún mélòó ló ti lò? Mẹ́rin. Ìdajì 18 ńkọ́? Mẹ́sàn-án. Kò tó. Tó bá ní òun máa dúró kó tó pé ìdajì ọjọ́ ayé òun, ó di ọmọ ọdún 28! Ọ̀nà tó yá jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí òbí rẹ̀ rí stay ayérayé gbà fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ. Ọdún tí o fi físà akẹ́kọ̀ọ́ lò kò sí nínú ọdún márùn-ún tí wọ́n ń kà fún onífísà iṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba tún gbé àbá jáde pé kí márùn-ún náà di mẹ́wàá.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ta ni mo jẹ́? Ohun tí mo ń sọ ni pé, ẹni tó ní ọmọ ọdún 14 tàbí 15, kó ṣírò kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó lè sàn kí ọmọ parí SS3 ńlé kó wọ yunifásítì níbí, kó lọ ṣe Master's lẹ́yìn náà, ju kó jókòó sílé ní England lọ. Scotland àti Wales ní òfin tiwọn, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ béèrè.

Ti Amẹ́ríkà, màá sọ ọ́ ní ṣókí. Ilẹ̀kùn méjì yẹn náà ló wà níbẹ̀. Ní 1982, kóòtù wọn tó ga jù dá ẹjọ́ Plyler v. Doe láti Texas pé wọn ò gbọdọ̀ lé ọmọ tí kò ní pépà kúrò nílé ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n ó parí ní high school. Ọmọ tí kò ní pépà kò lè rí owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ gbà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. DACA tí Obama gbé jáde ní 2012, ẹni tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹfà ọdún 2007 ló wà fún. Ọmọ tó dé lẹ́yìn ìgbà náà kò sí nínú rẹ̀. Texas tí ọ̀pọ̀ ará wa wà, òun ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà ní 2001 pé kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa san iye tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, kóòtù dá a dúró. Nítorí náà, ẹ̀yin tó wà ní Houston, ẹ má fi èyí tí ẹ gbọ́ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn gba ara yín nímọ̀ràn.

Fọ́ọ̀mù tiwa ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó kù yìí lè má dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Òfin UBE ti 2004 ní gbogbo ọmọ tó wà ní Nàìjíríà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà fún, láti primary dé JSS 3. Gbogbo ọmọ ni wọ́n kọ, kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ring Road yìí. Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ ní búkà, àwọn tó ń kiri omi tútù. Àwọn mélòó nínú wọn ló wá láti Togo àti Cotonou? Ọ̀kan wà nítòsí ilé mi, ọmọ ọdún 12. Mo bi ọ̀gá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò lọ sílé ìwé. Ó ní àwọn gbìyànjú, wọ́n béèrè birth certificate, kò ní. Mo bá wọn lọ síbẹ̀. Nígbà tí tíṣà ń sọ pé, "Ìwé ọmọ yìí dà?", ọdún 1969 padà wá bá mi. Mo ní, "Ẹ fún un ní ìwé kà. Tó bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ gbà á." Wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n èmi agbaláwọ̀ tíṣà ni mo bá a lọ. Ta ló máa bá àwọn yòókù lọ?

Kí a tó bú òyìnbó pé ó ń gba owó àlejò lọ́wọ́ ọmọ tó tọ́ dàgbà, ṣé a rántí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ń gba owó tó wọ́n jù lọ́wọ́ ọmọ tí kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ wọn? Ká tilẹ̀ fi ìjọba sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń fún àwọn ọmọ lọ́dọọdún, mo mú un dání. Ìbéèrè kẹta ni: "Agboolé bàbá rẹ." Ọmọ alágbàṣe tó ti Benin wá, tí wọ́n bí sí ìlú wa, tó ń ka ìwé ní ìlú wa, tó ń gba ipò kìíní, kí ni kó kọ síbẹ̀? Ohun tí wọ́n ń bi ọmọ wa ní London, òun náà la ń bi ọmọ ọlọ́mọ nílé.

Àbá mi kò pọ̀. Mẹ́ta péré ni.

Àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka London àti ti Houston yan èèyàn méjìméjì tí àwọn òbí lè pè láìtijú, kí wọ́n ní àkọsílẹ̀ àwọn lọ́yà gidi àti àwọn agbani-nímọ̀ràn tí òfin mọ̀. Ní Britain, ẹni tí kì í ṣe lọ́yà tó fẹ́ máa gbowó ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fún un lówó, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú wa.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ tí òbí lè yá láti fi forúkọ ọmọ sílẹ̀ tó bá ti pé ọdún 10, bí ìjọba kò bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Owó á máa padà wá, ẹlòmíì á tún yá a.

Ẹ̀kẹta, kí a yí ìbéèrè kẹta yẹn padà. Kí a kọ ọ́ pé: "Ilé-ìwé wo lo ń lọ ní ìlú wa, láti ọdún wo?" Ó tán. Alága ti ní a máa dìbò lé e ní ìpàdé tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá.

Ẹ̀yin òbí tó wà lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ yín kí fọ́ọ̀mù tó sọ ọ́ fún un. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé: lẹ́tà ilé-ìwé, lẹ́tà dókítà, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ohunkóhun tó bá ní orúkọ ọmọ àti ọjọ́ lórí. Òun ni ẹ fi máa jẹ́rìí pé ó ti wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀. Àbúrò mi sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé mo ń dáàbò bò ó ni." Mo gbà á gbọ́. Bàbá mi náà rò bẹ́ẹ̀ ní Tamale. Ẹni tó bá da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ bá wọn da omi ọ̀hún síwájú nígbà tí wọ́n ṣì kéré.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa nílé lóko. Ìwé wọn ò ní dúró láàárín ọ̀nà.